Kí Ẹ Tó Fọ́máàtì Fíláàṣì Yẹn

Lásìkò tí àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn bá ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní Ilé-Ifẹ̀, láti Lágéré títí dé ẹnu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fíláàṣì kì í sinmi. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ á yọ ọ́ lára kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, á nà án sí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ìyẹn á kì í bọ ojú USB, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ń retí kí fódà ṣí. Bí kò bá ṣí, ọ̀kan nínú ohun méjì ló máa ń tẹ̀ lé e. Yálà kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ki nǹkan kan bọ òun lára, tàbí kí Windows gbé àpótí kékeré kan jáde pé àfi kí wọ́n fọ́máàtì dísìkì náà kí wọ́n tó lè lò ó.

Àpótí kékeré yẹn ni mo ń bá jà. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń kánjú, àwọn oníbàárà ti tò sẹ́yìn, iná lè lọ nígbàkúgbà, bọ́tìnnì "Format disk" sì wà níbẹ̀ gedegbe. Ó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ọdún kan lọ. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe àwọn fáìlì inú rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ kò ju ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lọ nínú ọ̀wọ́ ìgbésẹ̀ tó yẹ kó gbé fíláàṣì náà dé iwájú wa. Kí a kọ́kọ́ mọ ìgbésẹ̀ tó kùnà ná, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àtúnṣe tí a bá ṣe kí a tó mọ̀ ọ́n, tẹ́tẹ́ là ń ta, ohun ìní ẹlòmíì la sì fi ń ta á.

Àlejò tó bá fẹ́ rí Ọọ̀ni kì í ti ẹnu ọ̀nà ààfin ní Ẹnuwà wọlé tààrà lọ bá a níbi tó jókòó sí. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á kọ́kọ́ rí i, wọ́n á bèèrè ibi tó ti wá àti ohun tó gbé dání, ẹmẹsẹ̀ á jíṣẹ́ wọlé, àṣẹ á jáde, ìgbà náà ni wọ́n tó mú un wọlé. Bí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ṣe ń gba fíláàṣì gan-an nìyẹn. Kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, ló kọ́kọ́ rí i lójú USB. Òun ló sọ ọ́ ní orúkọ bíi /dev/sdb, tó sì pe ìpín àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ní /dev/sdb1. udev ló yẹ fíláàṣì náà wò: irú ètò fáìlì (ọ̀nà tí a gbà to fáìlì sórí dísìkì) wo ló wà níbẹ̀, kí ni nọ́ńbà UUID tí a fi ń dá a mọ̀, orúkọ wo ni olówó rẹ̀ fún un. udisks2 gba ìròyìn yẹn, ó sì kéde rẹ̀ lórí D-Bus, ọ̀nà tí àwọn ètò inú Linux fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, fún ẹni tó bá ń gbọ́. GNOME tàbí Xfce tàbí KDE, àwọn ètò tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà jáde, èyí tó bá wà lórí tiyín ló gbọ́ ìkéde náà tó pinnu pé kí wọ́n máúǹtì rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n so ó mọ́ fódà kan kí fáìlì inú rẹ̀ lè hàn. Ó padà lọ bẹ udisks2, udisks2 wá bèèrè lọ́wọ́ polkit bóyá ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí polkit bá ní ó dáa, fódà tuntun á yọ, lábẹ́ /media/orúkọ-yín lórí àwọn ẹ̀yà Linux bíi Debian, Ubuntu àti Linux Mint, lábẹ́ /run/media/orúkọ-yín lórí Fedora àti Arch.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé "kọ̀ǹpútà yìí ò ka fíláàṣì mi," ẹjọ́ èyíkéyìí nínú wọn lè jẹ́.

Nígbà kan, ẹni tó ń lo Linux ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àṣẹ mount. Ó mọ orúkọ dísìkì, ó mọ irú ètò fáìlì tó wà lórí rẹ̀, ó mọ fódà tí òun gbé e sí. Bí ó bá kùnà, ó mọ ibi tó ti kùnà. Lónìí kọ̀ǹpútà ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ ká padà sẹ́yìn. Àmọ́ bó ṣe ń dákẹ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó dáa náà ló ṣe ń dákẹ́ nígbà tí kò dáa. Ẹni tí àwọn èèyàn ń gbé iṣẹ́ wọn lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ fíláàṣì náà, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ

sudo dmesg -w

kí ẹ wá ki fíláàṣì náà bọ̀ ọ́ padà. Àṣẹ yìí ń fi ohun tí kernel ń kọ sílẹ̀ hàn; sudo ló ń fún un ní agbára alákòóso. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ẹ ó rí "new high-speed USB device" bó bá jẹ́ USB 2.0, tàbí ìlà tí SuperSpeed wà nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ USB 3. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà kúkúrú kan tó kà báyìí: "sdb: sdb1". Bí ẹ bá ti rí ìlà kúkúrú yẹn, kernel ti ṣe tirẹ̀ tán, ẹ fi wáyà àti ojú USB sílẹ̀, ìṣòro náà wà níwájú.

Bí ohunkóhun ò bá jáde, tàbí tí ohun tó jáde bá jẹ́ "device descriptor read/64, error -71", "error -110" tàbí "unable to enumerate USB device", ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ settings. Irin àti wáyà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ojú USB ẹ̀yìn kéèsì. Àwọn tó wà níwájú, wáyà tín-ín-rín kan ló so wọ́n mọ́ mọdabọ́ọ̀dù, wáyà yẹn sì máa ń tú díẹ̀díẹ̀ nítorí pé iwájú ni gbogbo ọwọ́ ń lọ. Àwọn tẹ̀yìn ni wọ́n jó mọ́ mọdabọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa máa ń kún inú ojú USB débi pé irin méjèèjì ò ní fara kanra dáadáa. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó gbẹ gbọn ọ́n, bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ọtí isopropyl díẹ̀ kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó tan án.

Ti háàdì dísìkì tí a ń gbé kiri tún yàtọ̀, nítorí pé mọ́tọ̀ ń yí nínú rẹ̀, agbára tó sì ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ju èyí tó ń fà lẹ́yìn náà lọ. Ìlànà USB 2.0 fàyè gba 500 mA láti ojú kan, ti USB 3.0 fàyè gba 900 mA. Bí ẹ bá wá fi wáyà gígùn sí i, tàbí tí ẹ so ó mọ́ hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí kò ní ṣájà tirẹ̀, tí fíláàṣì méjì àti mọ́ọ̀sì ti wà lórí rẹ̀, dísìkì náà á gbìyànjú láti yí, á kú, á tún gbìyànjú. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wáyà kúkúrú, ojú USB ẹ̀yìn, kò sí hub láàárín. Bó bá ṣì ń dún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí dísìkì gan-an máa kú lọ, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún tan án lẹ ń dín àkókò tó kù fún un kù.

Nígbà tí kernel bá ti rí i, ẹ bèèrè lọ́wọ́ udev:

lsblk -f

Ẹ wo abẹ́ FSTYPE. Bí vfat, ntfs, exfat tàbí ext4 bá wà níbẹ̀, ẹ máa lọ síwájú. Bí ẹ bá tẹ lsblk láìsí -f, tí dísìkì hàn ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0B, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí inú fíláàṣì ló ti dákú, tàbí pé ihò tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì káàdì sí ni ẹ ń wò, tí káàdì ò sì sí nínú rẹ̀. Fọ́máàtì ò lè ṣe nǹkan kan sí 0B.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn:

udisksctl mount -b /dev/sdb1

Ẹ má fi sudo síwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí GNOME àti Xfce ń gbà náà ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn rẹ̀ fi ń pín ọ̀rọ̀ sí méjì pátápátá. Bí ó bá sọ pé "Mounted /dev/sdb1 at /media/..." , fíláàṣì dáa, fáìlì dáa, udisks2 dáa, polkit dáa, ojú kọ̀ǹpútà (GNOME àti irú rẹ̀) ni kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ó máa sọ ìdí.

Ká sọ pé ó gbà. Lórí GNOME, ẹ tẹ

gsettings get org.gnome.desktop.media-handling automount

Bí ìdáhùn bá jẹ́ false, ẹ kọ set dípò get, kí ẹ fi true sí ìparí. Ohun kan wà tó ń jọ ọ́ tí kì í ṣe òun, automount-open. Ìyẹn kan ń sọ bóyá kí fódà ṣí fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé kọ̀ǹpútà ò ka fíláàṣì àwọn, nígbà tó ti máúǹtì rẹ̀ tipẹ́, tí orúkọ rẹ̀ wà lápá òsì nínú ibi tí a ń wo fáìlì, tí ó kàn jẹ́ pé fódà ni kò ṣí. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lórí Windows. Àwọn onísọ́ọ̀bù máa ń pa AutoPlay nítorí fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ò sì burú, ṣùgbọ́n AutoPlay kọ́ ló ń máúǹtì. Ẹ ṣí This PC kí ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó pariwo.

Lórí Xfce, thunar-volman àti gvfs gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ sì tẹ àmì síwájú "Mount removable drives when hot-plugged". KDE kì í ṣe é fúnra rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá lọ tan án nínú System Settings. Ohun tó ń ṣe ni pé kó sọ fún yín pé nǹkan ti wọlé, kó sì jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí RAM wọn ò ju 2 GB lọ, tí a fi ojú kọ̀ǹpútà tó fúyẹ́ bíi Openbox tàbí i3 sí kí wọ́n lè fẹsẹ̀ yá, ibẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù: kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ ìkéde udisks2. Ẹ fi udiskie sí i, kí ẹ jẹ́ kí "udiskie --tray" máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé, ó tán.

Ká wá sọ pé udisksctl kọ̀, tó ní "Not authorized to perform operation". Polkit ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà gan-an, tí ìjókòó rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, lè máúǹtì ohun tó ń yọ àti ohun tó ń wọ̀ láìsí password. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wọlé pẹ̀lú ssh kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó fi startx gbé ojú kọ̀ǹpútà dìde lọ́nà tí systemd (ètò tó ń darí ìwọlé àti iṣẹ́ inú Linux) ò fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. "loginctl show-session $XDG_SESSION_ID -p Active -p Remote" á sọ fún yín: Active gbọ́dọ̀ jẹ́ yes, Remote gbọ́dọ̀ jẹ́ no.

Háàdì dísìkì kejì tí ẹ fi wáyà SATA dè mọ́ inú kéèsì kì í ṣe ohun tó ń yọ tó ń wọ̀ lójú udisks2. Ẹ tẹ "udisksctl info -b /dev/sdb1", ẹ ó rí HintSystem: true àti HintAuto: false. Kò ní máúǹtì fúnra rẹ̀, password alákòóso ló sì máa bèèrè. /etc/fstab, fáìlì tí a ń kọ àwọn dísìkì tí Linux máa máúǹtì sí, ni ààyè irú èyí. Kí ẹ lo UUID rẹ̀, ẹ má lo /dev/sdb1, nítorí orúkọ yẹn lè yí padà bí ohun míì bá ṣáájú rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fi nofail sínú rẹ̀. Láìsí nofail, lọ́jọ́ tí dísìkì yẹn ò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á dúró retí rẹ̀ fún 90 ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà á já yín sí emergency mode, níwájú oníbàárà.

fstab yìí kan náà máa ń di fíláàṣì lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé fíláàṣì lẹ fi gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà, ó lè ti kọ ìlà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó dárúkọ /dev/sdb1. Láti ọjọ́ náà, fíláàṣì èyíkéyìí tó bá gba orúkọ yẹn, ìlà àtijọ́ ni udisks2 máa tẹ̀ lé, ìlà náà sì lè dí i lọ́wọ́. Ẹ tẹ "grep -n sdb /etc/fstab". Bí ẹ bá rí i, ẹ fi # síwájú rẹ̀, ẹ fi í pamọ́, ẹ tẹ "sudo systemctl daemon-reload".

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí NTFS, ètò fáìlì Windows, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná ti ń bá wa jà ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì ń yí i sí jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ti pọ̀ jù. Bí Windows bá ṣí dísìkì NTFS láti kọ nǹkan sí i, àmì kan máa ń wà lára rẹ̀ tó ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, wọ́n á sì pa àmì náà rẹ́ nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Iná lọ, àmì kù síbẹ̀. Láti ìgbà Windows 8 sì ni Fast Startup ti wà, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ Shut down, Windows ò kú tán. Ó fi apá kan iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sórí dísìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá gbé dísìkì yẹn lọ sórí Linux. ntfs-3g, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí Linux fi ń ka NTFS, á sọ pé "The disk contains an unclean file system (0, 0). Metadata kept in Windows cache, refused to mount." Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa. ntfs3, èkejì rẹ̀ tó wọ inú kernel 5.15 lọ́dún 2021, kọ tirẹ̀ sí dmesg pé volume is dirty, ṣùgbọ́n ohun tó ń dé ojú kọ̀ǹpútà ni "wrong fs type, bad option, bad superblock on /dev/sdb1". Gbólóhùn yẹn ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn fọ́máàtì dísìkì tó dáa. Ìméfò ni, ó ń ka gbogbo ohun tó lè fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú dmesg, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ kà á.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú àtúnṣe ni kí ẹ kó fáìlì jáde:

sudo mount -o ro /dev/sdb1 /mnt

ro túmọ̀ sí pé kíkà nìkan ni, kò ní kọ nǹkan kan sí i, nítorí náà àmì yẹn kì í sábà dí i lọ́wọ́. Ẹ kó ohun tó ṣe pàtàkì sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ "sudo umount /mnt". Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gbé dísìkì náà padà sórí Windows, kí ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kí ẹ tẹ "chkdsk E: /f", kí E jẹ́ lẹ́tà tó bá gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, "shutdown /s /f /t 0" ló ń pa Windows pátápátá. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni dísìkì náà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì, "powercfg /h off" á pa Fast Startup rẹ́ títí láé. Tí kò bá sí Windows nítòsí, "sudo ntfsfix -d /dev/sdb1" á nu àmì náà kúrò, àmọ́ ẹ mọ̀ pé kò ṣe iṣẹ́ chkdsk. Ìwọ̀nba ohun kékeré ló ń tún ṣe. Mi ò ní lò ó lórí dísìkì tí mi ò tíì kó fáìlì inú rẹ̀ jáde.

Fíláàṣì FAT32 (òun ni Linux ń pè ní vfat) kì í ṣe agídí tó bẹ́ẹ̀. Ó máa máúǹtì, dmesg á kàn kìlọ̀ pé "Volume was not properly unmounted". Ìṣòro tirẹ̀ máa ń yọjú lẹ́yìn náà: bí kernel bá bá àṣìṣe pàdé lórí rẹ̀, á sọ ọ́ di kíkà nìkan, ẹ ó wá rí i pé ẹ kò lè lẹ nǹkan kan mọ́ ọn mọ́. "sudo fsck.vfat -n /dev/sdb1" á fi ohun tó ṣe é hàn láìfọwọ́ kàn án, -a ló ń tún un ṣe. Ẹ yọ ọ́ lórí máúǹtì kí ẹ tó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ nínú èyí ni a lè yẹra fún bí a bá mọ̀ pé Linux kì í kọ nǹkan sórí fíláàṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. RAM ló ń kó o sí ná. Ìlà tó ń sáré lójú kọ̀ǹpútà ti dé òpin, ṣùgbọ́n fáìlì ò tíì délé. Ẹ tẹ "grep -e Dirty -e Writeback /proc/meminfo", ẹ ó rí iye tó ṣì ń dúró. "sync" á kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, kò sì ní padà sí terminal títí yóò fi parí. Bọ́tìnnì Eject náà ń ṣe é. Ìdí gan-an tí mo fi gbà pé UPS kékeré tọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nìyẹn. Kì í ṣe kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n á fi sync, tí wọ́n á fi yọ fíláàṣì oníbàárà bó ṣe yẹ, ti tó.

Mẹ́mọ́rì káàdì 64 GB sókè, exFAT ló máa ń bá dé láti ilé iṣẹ́. Microsoft ṣí ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2019, kernel 5.4 sì gbà á wọlé lọ́dún yẹn. Èyí tó dúró dáadáa wọlé pẹ̀lú 5.7 lọ́dún 2020. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo èyí tó ṣáájú wọn, "unknown filesystem type 'exfat'" lẹ máa rí, exfat-fuse sì ni oògùn rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ vfat ni wọ́n sọ pé àwọn ò mọ̀, pàápàá lórí Arch, ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kernel tuntun láìtíì pa kọ̀ǹpútà tún tan. Ẹ tún un tan.

Ọ̀ràn kan wà tó ń rú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá lójú. Kernel rí sdb1, lsblk -f ò kọ nǹkan kan sábẹ́ FSTYPE, ẹni tó ni ín sì búra pé òun lò ó lánàá. Ẹ tẹ "sudo blkid -p /dev/sdb1". Bí ó bá dáhùn pé "ambivalent result", àmì ètò fáìlì méjì ló wà lórí ìpín kan, ti àtijọ́ tí wọn ò nu tán àti ti ìsinsìnyí. udev kọ̀ láti yan ọ̀kan, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò kéde nǹkan kan. "sudo wipefs /dev/sdb1" láìfi ohunkóhun kún un á to àwọn àmì náà jáde pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kò ní pa nǹkan kan rẹ́. Bí ó bá ti dá yín lójú èyí tó jẹ́ ti àtijọ́, ẹ pa òun nìkan rẹ́ pẹ̀lú --backup àti -o, kí ẹ kọ ibi tó wà tẹ̀ lé -o. --backup á fi ohun tó yọ pamọ́ sínú fódà ilé ẹni tí àṣẹ ń lo orúkọ rẹ̀ (pẹ̀lú sudo, /root ló sábà máa ń jẹ́), tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣì í, ẹ lè dá a padà. Ẹ má tẹ -a lórí dísìkì tó ní fáìlì, gbogbo àmì ló ń pa rẹ́.

Ẹni tó bá ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á tún pàdé àwọn tó ń ní kí ó kọ òfin udev tí RUN á ti máa pe mount. Kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe rò. systemd-udevd ní ààyè máúǹtì tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ó lè máúǹtì níbẹ̀ kí ẹ má rí i rárá. Ìwúlò òfin udev níbí ni láti darí udisks2, bíi kí ẹ fi UDISKS_IGNORE="1" sára UUID ìpín kan tí ẹ ò fẹ́ kó máa yọjú.

Lórí Windows, ìgbésẹ̀ tó máa ń kùnà jù ni fífún un ní lẹ́tà. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ diskmgmt.msc. Bí fíláàṣì bá wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí ìpín rẹ̀ dáa ṣùgbọ́n tí kò ní lẹ́tà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Change Drive Letter and Paths", ẹ fún un ní lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò lò. Bí gbogbo fíláàṣì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí diskpart, ẹ tẹ automount. Bí ó bá ní wọ́n ti pa á, "automount enable".

Bí diskmgmt bá kọ RAW, tàbí tí àpótí fọ́máàtì bá yọ, ẹ tẹ Cancel. Windows ń sọ pé òun ò lè ka ètò fáìlì náà ni. Kò sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Fíláàṣì ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó fi ext4 sí tirẹ̀ á mú àpótí yẹn jáde lórí gbogbo Windows, kò sì sóhun tó ṣe é. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ẹ ó rí i. Bí Linux náà ò bá rí ètò fáìlì kankan, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ddrescue:

sudo ddrescue -d /dev/sdb fila.img fila.map

Orí fila.img ni kí testdisk tàbí photorec, àwọn ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù, ti ṣiṣẹ́, kí fíláàṣì gan-an sinmi. Ẹ rí i pé ààyè tó kù lórí kọ̀ǹpútà ju ìwọ̀n fíláàṣì lọ.

Bí fíláàṣì bá ṣí ṣùgbọ́n tí shortcut nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ máúǹtì. Fáírọ́ọ̀sì ló fi àwọn fáìlì pamọ́. Ẹ má tẹ shortcut kankan. "attrib -h -s -r /s /d E:\*" á yọ wọ́n síta, Linux sì máa ń fi wọ́n hàn láìsí wàhálà.

Èyí tó kù ni fíláàṣì 2 TB tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Fíláàṣì kékeré ni, wọ́n kàn kọ́ ọ láti máa parọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Á máúǹtì dáadáa, á gba fáìlì, títí ohun tó wà nínú rẹ̀ á fi kọjá ìwọ̀n rẹ̀ gan-an; láti ìgbà náà ni fáìlì á máa bàjẹ́, tí ètò fáìlì fúnra rẹ̀ á sì dàrú, tí kò ní máúǹtì mọ́. Kò sí àṣẹ tó lè dá ohun tí kò fìgbà kan kọ sílẹ̀ padà. Lórí Linux, f3write á kọ nǹkan kún gbogbo ààyè tó ṣófo, f3read á kà á padà, á sì sọ iye tó sọnù. H2testw ló ń ṣe é lórí Windows. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ lórí èyí tó tóbi. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo sínú rẹ̀, nígbà tí ẹni tó tà á ṣì lè gbà á padà.